Bí Ẹ Ṣe Lè Wa Kẹ̀kẹ́ Létí Òkun Láti Whitstable Dé Margate Láìbá Mọ́tò Du Ọ̀nà

Látìgbà tí mo ti fi fọ́tò Reculver, ibi tí ilé ìṣọ́ méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ wà létí òkun, han àwọn èèyàn ni ìbéèrè kan náà ti ń wọlé: ibo nìyẹn, ṣé mọ́tò kì í gba ibẹ̀ lóòótọ́, ṣé ẹni tó ti pa kẹ̀kẹ́ tì látìgbà ọmọdé lè ṣe é? Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè ṣe é. Mo ti ń dá yín lóhùn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jẹ́ kí n kúkú kó gbogbo ẹ̀ síbì kan.

Ọ̀nà yìí wà ní Kent, nílẹ̀ England, lápá àríwá níbi tí ilẹ̀ ti parí sínú òkun. Láti Whitstable dé Margate jẹ́ bíi máìlì 17, ìyẹn bíi kìlómítà 27, ibi tó pọ̀ jù níbẹ̀ ló tẹ́jú, etí òkun gan-an lẹ máa wà ní ọ̀pọ̀ ibi. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹ ò ní rí mọ́tò kankan rárá, ẹ máa gba àdúgbò díẹ̀ láti sitéṣọ̀n dé etí omi, ẹ sì máa já sí títì kéékèèké níbì kan sí ìkejì, àmọ́ ibi tó pọ̀ jù lójú ọ̀nà yẹn, ẹsẹ̀ èèyàn, ajá àti kẹ̀kẹ́ nìkan ló ń gba ibẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ wo atẹ́gùn

Ibí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń kọsẹ̀. Òkè ò pọ̀ lójú ọ̀nà yìí, atẹ́gùn ló rọ́pò òkè. Lọ́pọ̀ ìgbà, apá ìwọ̀-oòrùn àti gúúsù ló ti máa ń fẹ́ wá, ìyẹn ni pé tẹ́ ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní Whitstable tẹ́ ẹ forí lé Margate, á máa tì yín lẹ́yìn bí ìgbà tí bàbá bá di ìjókòó kẹ̀kẹ́ ọmọ ẹ̀ mú.

Ìgbà àkọ́kọ́ témi àti ọ̀rẹ́ mi lọ, Margate la ti bẹ̀rẹ̀ torí pé orúkọ ẹ̀ la mọ̀. Nígbà tá a dé orí ògiri òkun tó wà láàárín Minnis Bay àti Reculver, atẹ́gùn kọjú sí wa, kò sí igi, kò sí ilé, kò síbi téèyàn lè fara pamọ́ sí, máìlì mẹ́rin péré gbà wá ju wákàtí kan lọ, ọ̀rẹ́ mi sọ̀ kalẹ̀ ó ń ti kẹ̀kẹ́, omi sì ti lé sí i lójú. Ó lágbára jù mí lọ o, apá ibi tá a ti bẹ̀rẹ̀ ni ò dáa. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e a bẹ̀rẹ̀ láti Whitstable, ó rẹ́rìn-ín títí dé Margate.

1. Lọ́jọ́ méjì ṣáájú, ẹ wo ojú ọjọ́ ti Herne Bay àti ti Margate lórí áàpù Met Office, iléeṣẹ́ tó ń sọ bí ojú ọjọ́ ṣe máa rí, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ má wo òjò nìkan, ẹ wo ibi tí ọfà atẹ́gùn kọrí sí àti bó ṣe le tó.
2. Tó bá ń ti ìwọ̀-oòrùn bọ̀, Whitstable ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Tó bá ń ti ìlà-oòrùn bọ̀, ẹ yí i po, ẹ bẹ̀rẹ̀ ní Margate. Ojú irin kan náà ló gba gbogbo àwọn ìlú yìí kọjá, yíyí i po ò ní í ni yín lára.
3. Tí wọ́n bá ní eré atẹ́gùn máa ju máìlì 20 lọ ní wákàtí kan, ẹ mú ọjọ́ míì. Èmi ò jà á níyàn mọ́.
4. Ẹ wo àkókò tí òkun máa kún. Tí òkun bá kún bámúbámú tí atẹ́gùn sì ń ti àríwá bọ̀, ìgbì máa ń fò kọjá ògiri bọ́ sójú ọ̀nà, á sì da òkúta wẹ́wẹ́ sílẹ̀ síbẹ̀.

Bẹ́ ẹ ṣe máa gbé kẹ̀kẹ́ wọ tréènì

Tréènì tó ń lọ sí Ramsgate láti sitéṣọ̀n Victoria ní London máa ń dúró ní Whitstable, Herne Bay, Birchington, Westgate àti Margate. Ẹ̀yin ará Peckham, ẹ má wulẹ̀ lọ sí Victoria, tréènì wà láti Peckham Rye dé Bromley South, ibẹ̀ lẹ ti máa wọ ti Ramsgate. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Chatham àti Gillingham, ẹnu ọ̀nà yín ló ń gbà kọjá. Tréènì tó ń sáré náà wà láti St Pancras, àmọ́ àyè kẹ̀kẹ́ inú ẹ̀ kéré.

Àwọn nǹkan tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀:

- Láàárín Mọ́ńdè sí Fráídè, wọn ò gba kẹ̀kẹ́ ńlá nínú tréènì tó máa wọ London láàárín aago méje sí mẹ́wàá àárọ̀, wọn ò sì gbà á nínú èyí tó ń kúrò ní London láàárín aago mẹ́rin sí méje ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ tó ṣeé ká ò sí nínú òfin yìí. Sátidé àti Sọ́ńdè ò ní wàhálà.
- Ẹ ò lè bu àyè sílẹ̀ fún kẹ̀kẹ́. Ẹni tó kọ́kọ́ dé ló ń rí i lò, torí náà ẹ tètè jí, pàápàá nígbà oòrùn. Èmi máa ń wọ èyí tó bá lọ ní bí aago mẹ́jọ.
- Tẹ́ ẹ bá tó mẹ́ta sí mẹ́sàn-án tẹ́ ẹ jọ ń lọ, ẹ bèèrè GroupSave nígbà tẹ́ ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó náà.
- Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ láti gbé kẹ̀kẹ́ yín dé Victoria. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá kì í gbà á.

Ìkìlọ̀ tí mi ò lè ṣàì tún un sọ: ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú bóyá wọ́n ń tún ojú irin ṣe. Wíkẹ́ńdì ni wọ́n sábà máa ń tún un ṣe, bọ́ọ̀sì ni wọ́n á sì fi rọ́pò tréènì, bọ́ọ̀sì ọ̀hún kì í gbé kẹ̀kẹ́ ńlá. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè kan, dírẹ́bà mi orí, ó ní òfin ni, mo sì ní láti wa kẹ̀kẹ́ lọ sí ìlú míì nínú òkùnkùn kí n tó rí tréènì. Ọpẹ́lọpẹ́ iná tó wà lára kẹ̀kẹ́ mi.

Kẹ̀kẹ́ àti ẹrù

Kò dìgbà tẹ́ ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ olówó ńlá. Èyíkéyìí tí táyà ẹ̀ ò bá tín-ín-rín jù tó sì ní gíà díẹ̀ á ṣe é. Kẹ̀kẹ́ eré ìje onítáyà tín-ín-rín á débẹ̀ o, àmọ́ òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn á máa dà á láàmú. Tó bá ti pẹ́ tó ti wà nínú ṣẹ́ẹ̀dì, ẹ fún táyà méjèèjì ní atẹ́gùn, ẹ tẹ bíréékì wò, ẹ fi òróró sí ṣéènì, kẹ́ ẹ sì gùn ún yípo àdúgbò fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ́sẹ̀ tó ṣáájú. Ilé lẹ ti fẹ́ mọ̀ pé bíréékì ò mú, kì í ṣe orí òkè Bishopstone.

Ẹ mú dání:

- túbù tuntun méjì tó bá táyà yín mu (nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, ẹ ka iyẹn fún ẹni tó ń tà á, kẹ́ ẹ sì fi ẹnu túbù tẹ́ ẹ ní tẹ́lẹ̀ hàn án torí oríṣi méjì ló wà)
- pọ́ńpù kékeré, igi ike tí wọ́n fi ń ṣí táyà, àti sípánà tó bá wà lára kẹ̀kẹ́ yín
- iná iwájú àti ti ẹ̀yìn, kódà tẹ́ ẹ bá ní ẹ ò ní pẹ́
- ike omi méjì fún ẹnì kọ̀ọ̀kan
- jákẹ́ẹ̀tì tí atẹ́gùn ò lè gba inú ẹ̀, àti ìbọ̀wọ́ tí ò bá tíì dé oṣù kẹfà
- kọ́kọ́rọ́ tó nípọn, tẹ́ ẹ bá máa wọ ilé oúnjẹ
- páwà báǹkì fún fóònù

Lórí aṣọ, ẹ gbọ́ mi dáadáa. Oòrùn London ń tan èèyàn jẹ. Ó lè móoru ní Peckham kí òtútù máa gbọ̀n yín jìnnìjìnnì ní Reculver lọ́jọ́ kan náà, torí náà ẹ wọ aṣọ ní ìpele ìpele kẹ́ ẹ lè máa bọ́ ọ. Ṣòkòtò tó bá fẹ̀ nísàlẹ̀, ẹ dì í mọ́ ẹsẹ̀. Síkẹ́ẹ̀tì gígùn àti ìró, rárá o, ṣéènì á gbé e mì, ẹ ó sì ṣubú. Òfin ìlú yìí ò fi dandan lé hẹ́lúmẹ́ẹ̀tì, àmọ́ èmi ò ní gun kẹ̀kẹ́ láìdé e, ọmọ mi náà ò sì ní ṣe bẹ́ẹ̀.

Oúnjẹ: mọ́ínmọ́ín ló dáa jù lọ fún ọ̀nà yìí, kì í dà sílẹ̀, kò nílò kí wọ́n gbé e kaná, ó sì ń dúró nínú. Ẹ fi bébà bò ó kẹ́ ẹ kó o sínú kúlà kékeré. Ọ̀gẹ̀dẹ̀ méjì náà kẹ́ ẹ fi kún un.

Ọ̀nà ọ̀hún gan-an

Àmì tẹ́ ẹ máa tẹ̀ lé ni èyí tó ní àwọ̀ búlúù pẹ̀lú àwòrán kẹ̀kẹ́ àti nọ́ńbà 15. Orúkọ méjì ló ń jẹ́: láti Whitstable dé Reculver, Oyster Bay Trail ni wọ́n ń pè é, láti Reculver lọ, ó di Viking Coastal Trail. Tẹ́ ẹ bá ń lọ sí Margate, apá òsì yín ni òkun máa wà látòkèdélẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí i pé òkun ti bọ́ sí apá ọ̀tún, ẹ ti yí padà nìyẹn.

1. Whitstable dé Tankerton. Láti sitéṣọ̀n, ẹ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi tí wọ́n ń so ọkọ̀ ojú omi mọ́. Ibẹ̀ máa ń kún lọ́jọ́ Sátidé, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ máa ti kẹ̀kẹ́, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ẹ̀ ni Tankerton, níbi tí àwọn ahéré onípákó aláràbarà tò sí lẹ́bàá gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ oníkoríko. Tí òkun bá fà, ẹ máa rí ilà òkúta wẹ́wẹ́ kan tó gùn wọ inú omi lọ, The Street ni wọ́n ń pè é. Ẹ lè fẹsẹ̀ rìn lórí ẹ̀, àmọ́ ẹ má ti kẹ̀kẹ́ débẹ̀, ẹ má sì dúró pẹ́, omi máa ń padà wá, ó sì máa ń fa èèyàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀.

2. Tankerton dé Herne Bay. Ibí rọrùn. Tí àmì bá mú yín gòkè lọ sí àdúgbò fún ìgbà díẹ̀, ẹ tẹ̀ lé e, ẹ má bá a jiyàn torí pé ẹ fẹ́ rí omi. Herne Bay lẹ ti máa jẹun. Wákàtí kan tẹ́ ẹ bá rọra ń lọ ti tó láti débẹ̀. Ẹ rọ omi kún ike, ẹ lo ilé ìyàgbẹ́, ẹ wo ara yín: ṣé ẹsẹ̀ ṣì dáa? Tí kò bá dáa, sitéṣọ̀n wà níbẹ̀, ẹ wọ tréènì padà, ẹ ti gbádùn òkun.

3. Herne Bay dé Reculver. Bíi máìlì mẹ́ta. Òkè kan ṣoṣo tó le lójú ọ̀nà yìí wà ní Bishopstone. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ kẹ́ ẹ tì í, gbogbo wa la máa ń tì í. Lókè yẹn, ẹ má sún mọ́ etí òkè gàgàrà nítorí fọ́tò, amọ̀ ibẹ̀ ń ya lulẹ̀ sínú òkun látìgbàdégbà. Láti ibẹ̀ lẹ ó ti rí ilé ìṣọ́ méjì ti ṣọ́ọ̀ṣì àtijọ́ tó dá dúró lẹ́bàá omi, Reculver nìyẹn. Ilé ìyàgbẹ́ wà níbẹ̀ náà.

4. Reculver dé Minnis Bay. Tìtorí ibí yìí ni mo ṣe ń kọ gbogbo èyí. Máìlì mẹ́rin lórí ògiri kọnkéré tí wọ́n fi dí òkun, òkun lápá òsì, ilẹ̀ àbàtà tó tẹ́ lọ súà lápá ọ̀tún, ẹyẹ ń ké, ó sì lè jẹ́ pé tréènì kan tó ń kọjá lọ lókèèrè nìkan lohun tó ní ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ máa rí. Ìgbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ìró táyà ara mi lórí ilẹ̀, ibẹ̀ ni. Ẹ má sáré níbẹ̀. Àmọ́ ẹ tún fi í sọ́kàn pé kò sí omi, kò sí ibòji, kò sí ilé ìyàgbẹ́, kò sì sí sitéṣọ̀n láàárín méjèèjì, tẹ́ ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ẹ gbọ́dọ̀ parí ẹ̀ tàbí kẹ́ ẹ padà. Àwọn ibì kan ò ní irin téèyàn lè dì mú, ògiri náà kàn já sórí òkúta nísàlẹ̀ ni, torí náà ẹ fi etí ẹ̀ sílẹ̀.

5. Minnis Bay dé Margate. Iyanrìn bẹ̀rẹ̀ níbí. Ẹ sinmi, kí ẹsẹ̀ wọ omi díẹ̀. Sitéṣọ̀n Birchington ò ju bíi máìlì kan síbẹ̀ fún ẹni tó bá ti rẹ̀. Láti ibẹ̀ lọ, ọ̀nà gba ẹsẹ̀ òkè ẹfun funfun kọjá, ẹ máa gba Epple Bay, Westgate àti Westbrook kí Margate tó yọ. Atẹ́gùn máa ń kó iyanrìn dà sójú ọ̀nà níbí, tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ má tẹ bíréékì lójijì ẹ má sì yí ọwọ́, ẹ jẹ́ kí kẹ̀kẹ́ gbà á kọjá tààrà. Sitéṣọ̀n Margate kọjú sí etí òkun gan-an, ẹ ò ní wá a.

Pẹ̀lú ìsinmi àti oúnjẹ, ẹ fún un ní wákàtí márùn-ún. Ẹni tó bá ní wákàtí méjì lòun fi ṣe é, kò rí nǹkan kan níbẹ̀.

Bẹ́ ẹ bá mú ọmọ dání

Ẹ má gbìyànjú gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan. Birchington sí Margate tó fún ọmọ tó lè dá gun kẹ̀kẹ́ dáadáa, bíi máìlì mẹ́fà ni, ibi iyanrìn sì pọ̀ tí wọ́n lè bọ́ sí. Ẹ̀yin lẹ gba apá òkun, kí ọmọ wà lápá inú. Ẹni tó mọ̀nà lọ síwájú, àgbàlagbà kan ló gbọ́dọ̀ kẹ́yìn, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọmọ sẹ́yìn láé.

Ẹ máa kí àwọn tó ń fẹsẹ̀ rìn

Àwọn ló ni ọ̀nà náà bẹ́ ẹ ṣe ni ín. Ẹ lu aago láti òkèèrè, ẹ dín eré kù, ẹ kí wọn, kẹ́ ẹ tó kọjá. Ajá tí okùn ẹ̀ gùn ló léwu jù, okùn ọ̀hún kì í tètè hàn, ẹ dúró títí olówó ẹ̀ á fi fà á mọ́ra. Níbi tí wọ́n bá kọ ọ́ sí pé kẹ́ ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀. Ìwà ẹnì kan tó ń sáré ló máa ń mú kí wọ́n ní kí gbogbo wa má gba ibẹ̀ mọ́.

Tí táyà bá jò

Òkúta etí òkun yìí mú bí abẹ, torí náà ẹ kọ́ ọ nílé.

1. Ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, ẹ tú bíréékì sílẹ̀ tó bá jẹ́ irú èyí tó ń di rímù mú, ẹ yọ táyà pẹ̀lú rímù ẹ̀.
2. Ẹ tú atẹ́gùn tó kù jáde, ẹ fi igi ike ká etí táyà, ẹ fa túbù jáde.
3. Ẹ fi ìka wá inú táyà yípo, jẹ́jẹ́. Ìgbésẹ̀ yìí làwọn èèyàn máa ń fò, wọ́n á ki túbù tuntun bọ̀ ọ́ nígbà tí òkúta tó lu ti àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀, kò ní pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí yóò tún jò. Ẹ rí i, ẹ yọ ọ́.
4. Ẹ fẹ́ atẹ́gùn díẹ̀ sí túbù tuntun kó lè yí róbótó, ẹ tò ó wọlé, ẹ fi ọwọ́ ti etí táyà padà. Ẹ má fi irin tì í, á gé e.
5. Ẹ wò ó yípo pé túbù kankan ò yọjú, kẹ́ ẹ tó fẹ́ ẹ kún.

Tí apá yín ò bá ká a, ẹ ti kẹ̀kẹ́ lọ sí sitéṣọ̀n tó bá sún mọ́ jù. Ẹ má gun kẹ̀kẹ́ lórí táyà tí ò ní atẹ́gùn, rímù á bàjẹ́, owó ẹ̀ ju ti túbù lọ fíìfíì.

Tí Whitstable bá jìnnà sí yín

Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ ẹ wà ní Canterbury, Crab and Winkle Way ni kẹ́ ẹ gbà dé Whitstable, máìlì méje àtààbọ̀, ó gba inú igbó Blean, mọ́tò ò pọ̀ níbẹ̀ rárá. Ní Wales, etí òkun láti Swansea dé Mumbles tẹ́jú pẹrẹsẹ, bíi máìlì márùn-ún, ibẹ̀ ni mo máa rán ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sórí kẹ̀kẹ́. Ní Yorkshire, Cinder Track wà láàárín Scarborough àti Whitby, máìlì 21, ojú irin àtijọ́ ni, àmọ́ òkè wà níbẹ̀, ojú ẹ̀ sì rí gbágungbàgun, kì í ṣe ti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó bá dé Margate tí ara ẹ̀ ṣì le lè tẹ̀ síwájú lọ sí Broadstairs àti Ramsgate. Ó rẹwà, àmọ́ ẹ máa bá mọ́tò pàdé níbẹ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rí i títí dé Margate lọ, mi ò ní kí ẹni tó mú ọmọ dání lọ.

Tẹ́ ẹ bá délé

Ẹ má gbé kẹ̀kẹ́ sínú ṣẹ́ẹ̀dì bẹ́ẹ̀. Iyọ̀ òkun ti wà lára ẹ̀, bẹ́ ẹ ò tiẹ̀ rí i. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn náà, ẹ fi omi lásán àti ọṣẹ díẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ má lo omi tó ń tú jáde pẹ̀lú agbára torí ó ń wọ inú béárìn, àwọn irin róbótó tó ń jẹ́ kí táyà yí. Ẹ fi àkísà nu ṣéènì gbẹ, ẹ kán òróró sí i lójú kọ̀ọ̀kan, ẹ máa yí pẹ́dáàlì sẹ́yìn bẹ́ ẹ ṣe ń kán an, lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá kẹ́ ẹ nu èyí tó ṣẹ́kù lára ẹ̀ kúrò.